Ìkúnlẹ̀ Tí Wọ́n Kọ Sílẹ̀

Ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, wọ́n ní kí n máa pe ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ní Dọ́rà. Dọ́rà lásán, láìsí màmá, láìsí ìyá, bí ẹni ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo dánrawò níwájú dígí ilé ìwẹ̀, mo ń pe Dọ́rà, Dọ́rà, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó bú àgbà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Dọ́rà, òun náà sì ń dá mi lóhùn. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fi mí sílẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, nínú ìlú kékeré kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, ní iléèwé aládàáni kan lọ́nà Mayfair, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ń kọ́ ní A B D. Ibi tí mo dé yìí, mo wá ń fọ eyín fún àwọn tó ti kọ́ ènìyàn bíi tèmi rí. Mi ò rí i bí ìrẹ̀sílẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Iyè Màmá Dọ́rà máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá wà nílé, á sọ fún mi nípa ẹṣin bàbá rẹ̀ tó máa ń jẹ ápù lọ́wọ́ òun. Lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé, á di àtàǹpàkò mi mú ṣinṣin nígbà tí mo bá ń wọ aṣọ fún un, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí a ó fi dé ìdí oúnjẹ.

Ohun tó ń pa mí ni ìdákẹ́jẹ́. Ní Ìrẹ̀mọ, àdúgbò tí wọ́n bí mi sí n'Ílé-Ifẹ̀, o kò lè jáde láti inú agbo ilé dé ojú títì kí o má kí ènìyàn mẹ́wàá, bí o bá sì fo ẹnì kan, ìròyìn á ti ṣáájú rẹ délé. Níbí, ọkùnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tèmi kò mọ orúkọ mi lẹ́yìn ọdún kan. Lọ́jọ́ kan, mo kí ẹni tó ń gbá ojú pópó pé ó kú iṣẹ́, ní èdè Yorùbá pátápátá, kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ó wò mí, ó ní "Morning."

Ìgbálẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Láàárọ̀, kí ojú mi tó là dáadáa, mo máa ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kò sí ìgbálẹ̀ nínú ilé náà. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ níbi gbogbo, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń fà á. Síbẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ, ṣáá, ṣáá, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó má baà jí arúgbó. Mo mọ ẹni tó ń gbálẹ̀ náà. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún méjìlélógún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, mánéjà wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ọmọ Màmá Dọ́rà wá kí ìyá rẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó rí ojú ibi tó dúdú bí àmì ìka ní apá òsì. Èmi ni mo wọ aṣọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mánéjà ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo fi ipá wọ́ ìyá náà láti orí ibùsùn.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

Obìnrin ni mánéjà náà, ó sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ara mi ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: bí àgbà tàbí ọ̀gá bá ń bínú, kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná kí o tó sọ tẹnu rẹ. Bóyá o jẹ̀bi, bóyá o kò jẹ̀bi, ìyẹn á tẹ̀ lé e. Mo ń sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Mánéjà fi àga rẹ̀ sún sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí nítòsí. Ó ní kí n dìde. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó sì kọ nǹkan kan sínú ìwé.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ohun tó kọ. Lẹ́tà dé pé kí n jókòó sílé títí wọn ó fi parí ìwádìí. Ní ìlà kẹrin, ó wà níbẹ̀ gbangba: nígbà tí a ka ẹ̀sùn náà sí i létí, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, èmi àti Màmá Dọ́rà, ó di àtàǹpàkò mi mú bí ìṣe rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo gbá a lápá mú kó má baà ṣubú, ó dúró, ó ní "Ọmọ dáadáa." Mo kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ pé ó fẹ́ ṣubú, mo dì í mú. Ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí o bá fi ìka tẹ ara rẹ̀ lásán, á dúdú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ṣe àmì yẹn. Mi ò wọ́ ọ, mi ò sì fi ipá mú un. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, mi ò ní lè fọwọ́ kan arúgbó kankan mọ́ nílùú yẹn, ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ iṣẹ́ náà bí ewúrẹ́ ṣe so mọ́ èèkàn. Wọ́n á dá mi padà sí Ifẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń lu arúgbó.

Ìjọ wa ń yá gbọ̀ngàn iléèwé kan lò lọ́jọ́ Sunday. Obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí Ìjọ gbọ́, ó gbé kúlà ìrẹsì wá sílé mi, ó gbàdúrà títí ògiri fi fẹ́ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kí n tó kúrò nílé.

"Jósẹ́fù ni ọ́," ó ní. "Wọ́n parọ́ mọ́ Jósẹ́fù náà. Ẹ̀wọ̀n ló gbà dé ààfin."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Ọ̀nà méjì ló wà. Yálà kí o sọ pé o ò fọwọ́ kàn án rárá, kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn, tàbí kí o kọ lẹ́tà ìbẹ̀bẹ̀. Sọ pé ó rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, pé o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n á kìlọ̀ fún ọ, ọ̀rọ̀ á parí."

"Mọ̀mí, mo fọwọ́ kàn án. Mi ò sì ṣe ohun tí wọ́n ní mo ṣe."

"Mo mọ̀. Ta ló ń bá ẹ jiyàn? Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, ọmọ mi. Bẹ̀ wọ́n."

Ní gbogbo ìgbà tó ń pè mí ní Jósẹ́fù, mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìtàn yẹn ní àwọn ẹ̀gbọ́n nínú, àwọn tó mú irọ́ délé fún bàbá wọn tí wọ́n sì jókòó jẹun. Àwọn yẹn ni mo bá tan. Bí mo bá kúnlẹ̀ láti sọ pé Ọlọ́run, gbèjà mi, ẹlòmíràn ni mo máa ń rí lórí ìkúnlẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkùnrin tí mo fẹ́ tí a sì pínyà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó wọ agbo ilé wa ní Ìrẹ̀mọ, Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, nítorí náà ó wá orúkọ fún gbogbo wa. Èmi ni ó ń pè ní Eyínmẹ́nugún, ó ní eyín mi ló jẹ́ kí ẹnu mi rí bó ṣe rí. Títí dòní, kò sí ẹlòmíràn tó pè mí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbá yàrá Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ní gbogbo òwúrọ̀.

Iléèwé wa ṣe ọjọ́ àṣà, gbogbo ọmọbìnrin sì fẹ́ dà bí ọmọ ọba. Ìyá Àgbà ní iyùn kan tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, inú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn ló ń gbé. Mo mú un láìtọrọ. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo ti wọ yunifọ́ọ̀mù mi padà, ṣùgbọ́n mi ò bọ́ iyùn náà lọ́rùn, mo fẹ́ gbádùn rẹ̀ díẹ̀ sí i. Okùn rẹ̀ já. Òjò ti rọ̀, gọ́tà ń ṣàn, iyùn ń bọ́ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣa ìwọ̀nba tí mo rí sínú àpò aṣọ mi, nígbà tí mo sì délé, ẹ̀rù bà mí, mo dà wọ́n sínú ṣáláńgá.

Ọjọ́ kẹta, Ìyá Àgbà ṣí agolo. Wọ́n pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Àǹtí ni mo rí tó ń jáde nínú yàrá láàárọ̀ Túsìdeè."

Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ló ń jáde níbẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fi pa irọ́, mo sì wolẹ̀.

Àǹtí ní òun kò mú un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ní kò burú, ilé kan náà ni gbogbo wa, kó ṣáà kúnlẹ̀ kó bẹ Ìyá, kí ọ̀rọ̀ má gùn. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Nígbà tó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ gbé ìkòkò kaná. Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Bó bá ń bọ̀, ilẹ̀kùn á máa pa dé. Bí ṣíbí bá sọnù, ojú gbogbo wa á yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbè é lẹ́yìn, wọ́n á ní ṣebí ó kúnlẹ̀, bí kò bá ṣe é, kí ló kúnlẹ̀ fún? Ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó pé ọdún méjì, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ògbó, ọkọ náà sì fẹ́ ẹlòmíràn. Mo wà lójú fèrèsé nígbà tó ń lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti fi ọdún méjì lé sí i, mo sì ti ń rò pé bóyá òtítọ́ ti ṣìnà.

Ìwádìí yẹn gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ máa ń ṣú nígbà òtútù níbẹ̀, èmi a sì jókòó nínú aṣọ méjì, máa wo lẹ́tà yẹn. Mo pe màmá mi.

"Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n?" ó ní.

"Ìbẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé mo fi jẹ́wọ́, Màmi."

"Tún wọn bẹ̀. Òyìnbó náà ní ojú àánú."

Mi ò mọ ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Màmi, iyùn Ìyá Àgbà, èmi ni mo mú un."

Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Lọ́jọ́ Sátidé tí mo fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ, mo rí ẹyọ méjì nínú àpò rẹ̀. Ó ti há sí ìṣẹ́po."

"Kí lẹ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fi wọ́n pamọ́."

"Àǹtí sì wà nílé nígbà yẹn? Ẹ ń wò ó?"

"Ọmọ mi ni ọ́," ó ní. "Ìyàwó ilé lásán ni òun. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ìyá Àgbà ti kú, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí o bá hú u jáde, èmi lo máa dójú tì, kì í ṣe ara rẹ." Ó ti ń sọ Ifẹ̀ ponbele nígbà yẹn, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Mo ní ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni.

Ọjọ́ náà ni mo gbàdúrà tó jáde lẹ́nu mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ̀sùn náà ti dé. Mi ò bẹ Ọlọ́run pé kó gbèjà mi. Mo sọ fún un pé ojú ń tì mí, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀bẹ̀ tí Mọ̀mí Ìjọ bá mi kọ wà lórí tábìlì, orúkọ mi nìkan ló kù kí n fi sí i. Mo ya á.

Àwọn méjì ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ mi, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ àti obìnrin kan tó ti hewú tó wá láti olú iléeṣẹ́. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní mo gbá a lápá mú, mo ní ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ló ṣe é, mo ní mi ò wọ́ ọ. Obìnrin náà ṣí ìwé ojoojúmọ́, ó ka ohun tí mo kọ. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé mánéjà.

"Ó wà níbí pé o kúnlẹ̀," ó ní. "Bí o kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí o kúnlẹ̀?"

"Nílé wa, a máa ń kúnlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà gùn."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan náà?"

Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ yẹn, ní ọ̀sán gangan, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ṣáá, ṣáá.

"Mo mọ ẹnì kan," mo ní. "Kò ṣe nǹkan kan, ó sì kúnlẹ̀. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Ẹ lè kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Kò kọ ọ́. Ó ní kí n máa lọ.

Lẹ́tà kejì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí tó tó, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọn kò sọ pé mi ò ṣe é. Nígbà tí mo padà, wọ́n fi ẹnì kejì tì mí, bí mo bá sì wọ yàrá arúgbó, ẹnì kan á wá rọra ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ní Ìrẹ̀mọ, pípa ni wọ́n ń pa ilẹ̀kùn dé. Mo wá mọ bó ṣe rí lára. Àràárọ̀ ni mo ń ronú pé ọdún méjì gbáko ni Àǹtí fi gbé nínú irú ojú bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun.

Màmá Dọ́rà kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo padà, ó na ọwọ́, ó wá àtàǹpàkò mi rí, ó dì í mú. Ó bi mí ibi tí mo lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ó wò wá, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a lè kọjá. Mo lọ sunkún díẹ̀ nínú yàrá tí a ń kó aṣọ ìnura sí, mo nu ojú mi, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni akọ̀wé ẹbí wa. Òun ló bá mi wá nọ́ńbà Àǹtí. Ó ní ó ń rán yunifọ́ọ̀mù iléèwé ní Òkè-Ògbó, nítòsí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kò bi mí ìdí. Mo gbé nọ́ńbà náà kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó pè é.

"Ta nìyẹn?" Ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo lẹ́yìn ohùn náà.

"Ẹ káàsán, mà. Ọmọ Ìrẹ̀mọ ni." Mi ò lè dárúkọ ara mi.

Ẹ̀rọ náà dúró.

"Eyínmẹ́nugún," ó ní.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, gọ́tà, ṣáláńgá, agolo, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó ń ka ìwé tí kò yé e. Kò dá mi lẹ́nu dúró.

"Mo mọ̀," ó ní nígbà tí mo parí. "Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀. Mo wò ọ́, o wolẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Àǹtí?"

"Ta ni yóò gba ìyàwó gbọ́ lórí ọmọ ilé?" Ó rẹ́rìn-ín kékeré. "Má sunkún. Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ara mi ni mo ṣe é fún. Bí a bá ń gba Àdúrà Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń dé ibi ìdáríjì, màá dákẹ́, màá dúró de àwọn yòókù níwájú. Ó sú mi. Mo dárí jì ọ́ kí n lè kà á parí."

Mo nu ojú mi.

"Ṣùgbọ́n gbọ́," ó ní. "Ìwọ kọ́ ni mo kúnlẹ̀ fún. Ibi tí mo ti kúnlẹ̀, ibẹ̀ ni kí o ti sọ ọ́."

Mo sọ fún màmá mi. Mo ní mo fẹ́ bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà ìpàdé, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní mi ò ní dárúkọ rẹ̀, èmi ni mo mú iyùn. Ó pa fóònù. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò gbé ìpè mi. Mi ò gbé oúnjẹ sẹ́nu dáadáa. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ìyálé gbogbo ìyàwó agbo ilé náà, ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí. Èmi ni mo fẹ́ lọ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Mo bi Ọlọ́run bóyá òtítọ́ tó ń pa ìyá ẹni lára ṣì jẹ́ òtítọ́, kò sì dá mi lóhùn ní ọ̀nà tí mo lè gbọ́.

Ọjọ́ kẹwàá, ó pè. "Sunday tó ń bọ̀ ni ìpàdé," ó ní. "Sọ fún un kó wá." Kò dárúkọ Àǹtí.

Ọ̀sán Sunday náà, mo dúró nínú kíṣíìnì mi, fóònù lórí tábìlì. Bọ̀dá Káyọ̀dé gbé tirẹ̀ sáàárín ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ṣí i kí gbogbo ilé lè gbọ́. Mo gbọ́ àga tí wọ́n ń wọ́, mo gbọ́ ikọ́ àwọn bàbá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́ kọ́ nìyẹn?"

Mo sọ ọ́. Mo ní iyùn tí wọ́n ní Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ mú, èmi ni mo mú un, ọrùn mi ló já sí. Mo ní ó sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun kọ́, òtítọ́ ló sì sọ. Mo ní ẹ̀yin ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ nítorí àlàáfíà yín, ẹ sì fi ìkúnlẹ̀ yẹn dá a lẹ́bi. Mo sọ ọ́ dé òpin.

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ nǹkan kan tó dún lórí tábìlì tàbí lórí ilẹ̀, ó kéré, ó le, ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ẹyọ méjì tó kù nìyí," màmá mi ní. "Ọwọ́ mi ló wà láti ìgbà náà. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Ariwo sọ. Àwọn kan ń pè é, "Màmá, Màmá." Mo ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ mi. Nígbà tó yá, Bọ̀dá Káyọ̀dé súnmọ́ fóònù, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbọ́.

"Màmá rẹ ti kúnlẹ̀. Fún Mọ́rẹ́nikẹ́."

Mo gbọ́ ohùn Àǹtí. "Ẹ dìde, Ìyálé mi. Sìmẹ́ńtì yìí le, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín." Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á dìde, tí aṣọ ń gbọn, àti ẹkún kan tí mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Bọ̀dá Káyọ̀dé ti ṣí ìwé ẹbí. Ó bèèrè bó ṣe máa ń bèèrè níparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí ni kí òun kọ sílẹ̀.

"Kọ òtítọ́ tí ọmọ yẹn sọ," Àǹtí ní. "Má kọ ìkúnlẹ̀ Màmá."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ kíṣíìnì, ọwọ́ mi lórí ẹsẹ̀ tábìlì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pa fóònù, lẹ́yìn náà mo dìde, mo sì gbọn orúnkún mi.